Lábẹ́ Ọ̀dà

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣọ́ iná tí kò jó.
Ọkọ̀ panápaná pupa, omi kún inú rẹ̀ bámúbámú,
a ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì,
a ń nu imú rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ lọ síléèwé,
ní pápá bàálù Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀,
níbi tí ewúrẹ́ ti ń kọjá ju bàálù lọ.

Kí wọ́n tó da ọ̀dà síbẹ̀, kòkó ìyá mi ni.
Àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú okùn onírin àti èèkàn,
wọ́n ka igi rẹ̀ bí ẹni ń ka owó orí:
kòkó igba ó lé mẹ́rìnlá, obì mẹ́ta,
ọ̀pẹ kan tí wọn ò kà;
wọ́n ní ẹyẹ ló gbìn ín.
Owó gbà-má-bínú ra páànù mẹ́rìndínlógún
àti bàtà iléèwé fún èmi.
Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí páànù náà, ìyá mi ò sùn.

Ọjọ́ tí mo gbaṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ló bi mí:
"Apá ibo lo máa ń dúró sí?"
Mo júwe rẹ̀.
"Ibẹ̀ la ti ń sá kòkó."

Láti ìgbà náà, bí ìkórè bá ti dé,
a wá dúró lẹ́yìn wáyà, agbọ̀n lábẹ́ apá:
"Ọmọ́bùwàjọ, ṣé oko mi ti so?"
Nígbà mìíràn, "Kò so, ìyá."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàálù kankan ò bà,
àfi àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà,
àfi àpò atọ́ka-afẹ́fẹ́ tó so rọ̀ bí ọmú arúgbó.
Nígbà mìíràn, ó so. Ẹyọ kan.
Ó ti ọ̀nà Èkó wá, ó bà,
ilẹ̀kùn là bí kòkó tí àdá bà,
èrò tú jáde, òógùn bò wọ́n:
olóṣèlú (nígbà ìbò, oko a máa so jù),
ìyàwó tí kò ì mọ ìyá ọkọ,
àpótí gígùn kan tí ọkùnrin mẹ́fà gbé.
"Hóró mélòó?"
"Mọ́kànlélógójì."
Ó ṣu ẹnu jọ. "Tèmi máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Iná kan ṣoṣo tí mo pa kì í ṣe ti bàálù.
Ọyẹ́ ni, iná ìgbẹ́ ń ti ìhà Ọ̀gbẹ̀sè bọ̀,
ó ti fẹ́ dé kòkó Bàbá Olúwatúyì.
Ọ̀gá ní omi ìjọba kì í ṣe omi oko.
Mo ti ṣíná ọkọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.
Wọ́n já ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ lé mi lọ́wọ́.
Ìyá mi ò lè kàwé, ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí láyé mọ́ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì.
Lọ́jọ́ náà mo rin ojú ọ̀dà yẹn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.
Lẹ́bàá ìlà funfun, ilẹ̀ sán,
nǹkan tútù kan yọ orí.
Mo lóṣòó tì í, mo wò ó fín.
Koríko ni.
Bàálù ọ̀sán ń bọ̀,
wọ́n fọn fèrè lé mi bí ewúrẹ́.