Ẹní Tó Tutù

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbá ní Òkèlérin
tí mo fi gbọ́ ẹní tó ń dún ṣáṣáṣá nínú yàrá kejì:
Oyèkanmi ń ká a, ó rọra ń ká a bí olè,
ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń sá fún òórùn ara rẹ̀.

Ọyẹ́ ń jà. Mo bá a lẹ́yìn balùwẹ̀,
ó ti bọ́ ṣòkòtò, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.
"Bàámi, omi ló dà nù."
Omi ló dà nù lóòótọ́. Mi ò bá a jiyàn.

Wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn,
òun náà ò ní fojú boorun.
Tèmi ń sùn. Oorun gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀.

Èmi káfíńtà tí gbogbo Tákìé mọ̀,
tí mo ń kan bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó tuntun káàkiri ìlú,
orí ẹní lọmọ mi ń sùn,
nítorí mo ní fóòmù wọ́n.

Ìyá mi ní ká wá ọ̀pọ̀lọ́,
ká so ó mọ́ ọn nídìí, kó fi yí agbo ilé po,
káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e.
Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ rántí ọdún tí wọ́n la títì Ìjẹrù?"
Ó dákẹ́. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Èmi ò gbàgbé ikùn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn,
bó ṣe tutù, bó ṣe ń mí mọ́ mi lára.
Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń bà mí,
àwa méjèèjì la jọ tọ̀ lọ́sàn-án gangan.
Mo tún tọ̀ lóru ọjọ́ náà.
Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá ló dáwọ́ dúró,
bí òjò ṣe ń dá, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mi ò rò rí ni Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ń bi mí:
Ṣé ó ń ta á tó bá ń tọ̀? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ jù?
Ọjọ́ mélòó ló ń lò kó tó yàgbẹ́?
Ṣé ó ti fìgbà kan jáwọ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀?
Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nínú ìgò, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀.
"Oorun ọmọ yín jìn bíi kànga.
Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ń pè é, kò gbọ́.
Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ gbé pàṣán yẹn sọnù.
Ẹ jẹ́ kó mumi dáadáa lọ́sàn-án,
kó dín in kù bílẹ̀ bá ti ṣú, kó tọ̀ kó tó sùn.
Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ orí."

Lọ́jọ́ Sátidé mo gé pákó, mo fá a títí ó fi ń dán.
Mo fi náílọ̀n we fóòmù, mo gbé póò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo fi tọ́ọ̀ṣì há ìgbèrí rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní gbẹ. Ìkejì gbẹ. Ìkẹta gbẹ.
Ní ìkẹrin, ó kanlẹ̀kùn mi,
kò purọ́: "Bàámi, mo tọ̀."
Ó di etí aṣọ kan mú, mo di èkejì, a jọ fún un.
Ìgbà tí màá fi wẹ̀yìn,
ìyá mi ló ń bọ̀ pẹ̀lú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
kò dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́.