Orí Kejì

Ikùn ló kọ́kọ́ dé.
Ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta, ikùn ni gbogbo rẹ̀:
lágbájá sọ pé, tàmẹ̀dò tako ó,
omi kànga, iyọ̀ inú rẹ̀, jíjìn rẹ̀, àrùn inú rẹ̀,
ọdún lẹ́yìn orúkọ, orúkọ lẹ́yìn ọdún.
Mo dì í bí ẹrù aláàárù,
mo gbé e lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Arówómọ́lẹ̀.
Ó ṣí i, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn,
ó ní, "Mojírádé, orí tí o gbé wá yìí kò lórí,
kò sì lẹ́sẹ̀. Báwo ló ṣe rìn dé ọ́fíìsì mi?"

Mo padà sí Agbowó.
Iná lọ ní aago méjì òru,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́ bí arúgbó,
mo gbé fóònù lé orí kọ́ọ̀pù, mo fi iná rẹ̀ kọ̀wé:
Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń mu omi.
Bírò pupa bá a lọ́jọ́ Ajé:
"Ṣé ìgbà ìwáṣẹ̀ ló rán ọ níṣẹ́?"

Mo tún un kọ. Mo to àwọn àgbà ìmọ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
títí awọ eékún mi fi bó.
"O ti kí wọn tó," ni bírò pupa wí. "Kí lo wá ṣe?"

Ẹ̀ẹ̀kẹfà ni mo tó mọ̀
pé ìbẹ̀rẹ̀ ò ju kéèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wí pé:
ohun tí mò ń wá rèé,
yàrá mẹ́ta la ó yà, ẹ ká lọ;
èyí tí n kò ní ṣí, ìdí tí n kò fi ní ṣí i nìyí.
Ìlà mọ́kànlá péré. Ó gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta.
Èmi tí mo ti kọ ikùn tán pátá
ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá ẹnu.

Ìparí ló le jù.
Mo ka gbogbo rẹ̀ padà bí ọmọdé ti í ka ábídí,
lágbájá sọ pé, tàmẹ̀dò tako ó.
Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, kò bínú.
"Ẹni tó ń dágbére kì í tún ọ̀rọ̀ gbogbo àlejò sọ."
Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, lẹ́tà gàdàgbà:
ÌWỌ DÀ?

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ máíkírà lọ sí Òkè-Òfà,
sí ilé ìyá ìyá mi. Kànga ṣì wà lẹ́yìnkùlé,
okùn dúdú, ìfami tí wọ́n fi rọ́bà táyà ṣe.
Ìyá Ràsákì, ayálégbé, fà á sókè,
ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.
"Àtìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé epo sí ọwọ́ òkè yẹn
ló ti korò lẹ́nu bí irin. Aṣọ la fi ń fọ̀ báyìí."
"Ta lẹ sọ fún?"
"Ta ló bi wá?"

Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì.
Nínú ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta mi
mo ka àlejò mọ́kàndínlógójì.
Ẹnì kan fi ìgò mẹ́ta gbé omi wa kọjá òkun,
ẹnì kan ò débí rí, nọ́ńbà ẹlòmíràn ló fi ṣírò.
Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́.
Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ahọ́n.

Lórí pákó ìjókòó tó wà níta
ni mo ti kọ ìparí, sẹ́yìn rìsíìtì fọtokọ́pì:
Wọ́n ti wọn iyọ̀. Wọ́n ti wọn jíjìn.
Èyí tó kù ni ohun tí àwọn tó ń fa omi náà mọ̀.
Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Bírò pupa ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn fa ìlà kan sábẹ́ "tèmi",
ó wá ní kí n lọ tún ìbẹ̀rẹ̀ kọ.