Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Fọ́ọ̀mù náà pé ojú ìwé mẹ́tàlélógún.
Mo kọ mẹ́tàlá láì mí kanlẹ̀:
orúkọ, ọjọ́ ìbí, gbèsè,
ilé tí mo yá ní Kúbúwà, ẹni tó ń gbowó rẹ̀.
Ní ojú ìwé kẹrìnlá, bírò mi dúró.
“Ǹjẹ́ o ní ìbátan tó ń gbé ní ilẹ̀ òkèèrè?
Kọ orúkọ wọn. Kọ bí ẹ ṣe ń ríra sí.”

Òkèèrè.
Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ń rìn bí kòkòrò.
Láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlárá
la ti máa ń gbọ́ ikọ́ Àǹtí Mojírọ́lá
lóru ọyẹ́, ní òdìkejì ààlà.
Bí wọ́n bá ń yan ata, àwa là ń kọ́kọ́ sín.
Adìẹ wa ń yé sí ilẹ̀ Faransé,
a ó sì lọ kó ẹyin náà kí omi tó hó.

Bàbá àgbà ní òyìnbó méjì ló wá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin,
wọ́n jẹ ọsàn wa, wọ́n sá àmì sára ọ̀pẹ mẹ́ta.
Nígbà tí wọ́n lọ,
ìdajì agbo ilé ti di àjèjì.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Mojírọ́lá, àbúrò ìyá.
Mo kọ ọmọ rẹ̀: Rómúàlì Adéṣẹ̀yẹ.
Iṣẹ́ rẹ̀ (ibí yìí lọwọ́ mi ti gbọ̀n díẹ̀):
aṣọ́bodè, lábẹ́ àsíá tí kì í ṣe tiwa.
Rómúàlì tá a jọ mu ọmú kan náà
lọ́dún tí ìyá mi ṣàìsàn.
Ẹ gbà mí, àpótí kékeré yẹn kò gba ọmú.

Àjà kẹfà ni wọ́n ti pè mí.
Àpáta Aso ń wò wá láti ojú fèrèsé.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán tó, tó, sínú garawa.
Málàm Habílù, ọmọ Jíbíyà, ṣí fáìlì mi.
Kò jágbe. Kò rẹ́rìn-ín.
“Bí ìbátan rẹ yìí bá ní kí o bá òun wo ìwé kan ńkọ́?”
Mo ní Rómúàlì kò tọrọ ohun tó ju bàtà bọ́ọ̀lù lọ rí.
“Bí wọ́n bá ti ìyá rẹ̀ mọ́lé ńkọ́,
tí wọ́n ní àfi bí o bá sọ̀rọ̀?”

Mo dákẹ́.
Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀.
Mo fẹ́ kí orílẹ̀-èdè mi máa bèèrè rẹ̀.
Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ èmi ni yóò bi.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì.
Méjì, méjì, méje ni nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀.
Ọdún mẹ́wàá ní Àbújá ti kọ́ mi ní Háúsá
tó láti ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ó pe ẹni náà ní Inna.
Ó bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní Màràdí,
bóyá orúnkún náà ti ń wú sí i.
Lẹ́yìn náà ó da ojú fóònù bolẹ̀,
àwa méjèèjì sì ń wo garawa.
Ó ní, “A ó kọ̀wé sí ọ.”

Oṣù keje rèé.
Wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìsinmi òṣìṣẹ́,
níbi tí kò sí àṣírí kankan
àyàfi ti awakọ̀ tó sìnkú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí pè lánàá.
Ó ní Rómúàlì ń kí mi, wọ́n bi òun náà léèrè níbi iṣẹ́;
nínú ìwé tiwọn, èmi ni òkèèrè.
Ó ní ẹ̀gúsí ti gbẹ, ṣé kí òun fi díẹ̀ ránṣẹ́?
Mo ní kó fi ránṣẹ́.
Mo ní kó má kọ orúkọ sára àpò náà.