Káàdì Àjọ

Ọdún mọ́kànlá ni Mọrílíátù ti ń gba àjọ ní Odòlẹ́yẹ,
lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.
Igba náírà lójúmọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún ẹni tí ọjà bá tà fún,
àmì kan nínú káàdì, ó di ilé kejì.
Ó mọ ajá tó ń gbó tí kì í bunijẹ,
ó mọ ilẹ̀kùn tí a kì í kàn lọ́sàn-án Jímọ̀,
ó mọ ẹni tó ń purọ́ pé òun ò sí nílé,
tí aṣọ fèrèsé rẹ̀ sì ń mí.

Kọ́ńpìnnì náà dé lọ́dún tí Baálẹ̀ Oṣìnúgà kú.
Orúkọ rẹ̀ gùn lára bọ́ọ̀dù, ahọ́n wa ò gbé e;
a sọ ọ́ ní Afọ́kúta, ó sì ń jẹ́ ẹ.
Bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á hó,
àwo á já bọ́ lórí pẹpẹ,
ògiri Sẹ̀fíù á lanu, kò ní pa á dé mọ́.
Eruku funfun á wá jókòó sórí gààrí tí a sá,
gààrí Ìjẹ̀bú tí a fi ń yangàn, pé ó kan, ó gbẹ, ó wẹ́,
ó wá ń dún kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ eyín.
Àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn tọ́ ọ wò, wọ́n tutọ́, wọ́n yí ọkọ̀ padà.

A kọ̀wé. Wọ́n fi àpò ìrẹsì dá wa lóhùn.
A tún kọ̀wé. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ,
wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí i gàdàgbà;
lẹ́tà orúkọ náà pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ.
Ṣówẹ̀mímọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn lóru.
A mọ̀. Òun náà mọ̀ pé a mọ̀.
A ṣì ń kí i.

Ọjọ́ kan ni Mọrílíátù fa ìlà kan kún un
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà owó, ó kọ ọ́ sókè rẹ̀: IKỌ́.
Ó fa òmíràn: ÒGIRI. Òmíràn: AAGO MÉLÒÓ.
Bó bá ti gba igba náírà tán,
“Ṣé ọmọ yẹn sùn lánàá?”
“Kò sùn.”
Àmì kan.
Kò sí ìpàdé, kò sí ẹni tó gun àga sọ̀rọ̀.
Ilé mẹ́tàdínláàádọ́rin, igba ọjọ́ ó lé díẹ̀.
Ìyá Ọnàyẹmí tí kò mọ̀wé fi èédú fa tirẹ̀ sára ògiri,
títí ògiri fi là láàárín ìlà tó fà.

Àjọ la pè é, àjọ náà ló jẹ́:
a ń dá ohun tó ń dùn wá jọ díẹ̀díẹ̀
títí yóò fi tó kó.

Ọjọ́ Àlàmísì la kó o.
Àpótí ìjókòó inú ilé ìdáná la gbé jáde, a tò ó sójú títì.
Típà mẹ́rìnlá dúró, ẹ̀yìn wọn wúwo fún òkúta wa.
Máníjà sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán.
“Ta ni olórí yín? Olórí yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.”
Ìyá Ọnàyẹmí ní, “Èmi ni nọ́ńbà kọkàndínlógún.”
Sẹ̀fíù ní, “Mẹ́rìnlélógójì lèmi.”
Ọmọdébìnrin kan gbé káàdì ìyá rẹ̀ tó ti kú sókè,
ó ní, “Ẹẹ́ta.”
Bẹ́ẹ̀ la ń ka ara wa fún un
títí ó fi padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ti gíláàsì.
Ṣówẹ̀mímọ́ ló dé kẹ́yìn, ó gbé àpótí tirẹ̀ dání.
Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.
A sún fún un.

Kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde náà ti sún,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti sún ẹjọ́ wa.
Ojoojúmọ́ ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀; n ò ní pè é ní ìṣẹ́gun.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo gbọ́ bàtà Mọrílíátù lójúde,
mo mú igba náírà, mo wúkọ́, mo ṣílẹ̀kùn.
“Àná ńkọ́?”
Mo ní kó fà á.