Buréèkì Apá Ọ̀tún

Ihò kékeré kan wà lára kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò wa,
lápá ọ̀tún, níbi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé.
Èmi ni mo dá a lu.
Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi tẹ buréèkì tí kò sí níbẹ̀,
tí Fèyíkẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
di sítíárì mú bí ẹni di ìwo màlúù mú.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn,
nígbà tí ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ̀ngàn họ́kì bá ṣófo,
ní Winnipeg wa yìí, tí òtútù ń gé etí bí abẹ,
a ó máa yí po, a ó máa yí po,
èmi pẹ̀lú ìwàásù mi:
"Wẹ̀yìn. Wo dígí. Bẹ́líìtì ńkọ́?
Fóònù yẹn, jù ú sẹ́yìn, kì í ṣe ọba ló ń pè ọ́."
Ó ní, "Dádì, ẹ mí."
Mo ní mò ń mí.
Mi ò mí.

Lọ́jọ́ kan mo ní kó tẹ buréèkì lójijì lórí yìnyín,
kó lè mọ bó ṣe ń rí.
Ọkọ̀ yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé,
ìdí rẹ̀ fẹ́ ṣíwájú orí,
òpó iná ń bọ̀ wá bá wa bí àlejò tí a kò pè.
Mo kígbe: "Má wo òpó! Ibi tí à ń lọ là ń wò!"
Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi máa ń sọ fún ẹni tó bá fìdí rẹmi ni,
mi ò mọ̀ pé ó wúlò fún táyà.
Ó gbójú kúrò lára òpó, ó wo ọ̀nà,
ọwọ́ tẹ̀lé ojú, ọkọ̀ tẹ̀lé ọwọ́.
A dúró.
Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wá ọkàn mi lábẹ́ ìjókòó.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dádì, nígbà tí ẹ wà lọ́jọ́ orí mi?"
Mo ní ọ̀nà ilé wa kò dára.
Mo yí ọ̀rọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta epo.
Mi ò dárúkọ Píjó Bọ̀dá Làmídì,
tí a jí gbé lọ́sàn-án gangan,
ọ̀nà Ìkìrun, àwa mẹ́rin nínú rẹ̀,
Gbádébọ̀ ń pariwo, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!"
Mo sì tẹ̀ ẹ́,
torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ojo.
Oko ẹ̀gẹ́ ló gbà wá.
Gbádébọ̀ ń tiro títí di òní.

Oṣù Kejìlá. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́,
fọ́tò inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi.
Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá, ìrẹsì ti di òkúta lórí tábìlì,
fóònù dún.
"Dádì, mo ti yà sí ilé epo kan lẹ́bàá Selkirk.
Atẹ́gùn ń gbé yìnyín, mi ò rí imú ọkọ̀ mi.
Marisol ń bínú, ó ní ilé ò jìnnà mọ́.
Devon ní ojo ni mí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojo ń dúró de òjò."

Ìbínú ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, torí oúnjẹ, torí aago,
mo gbé e mì.
Gbogbo bí wọ́n ṣe ń lọ ni mo kọ́ ọ,
mi ò rántí ọjọ́ tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró.
Mo ní, "Ra tíì gbígbóná fún wọn.
Gbé fóònù sétí Devon náà,
mo fẹ́ sọ ìtàn Píjó kan fún yín."

Lábẹ́ tábìlì,
ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rọra gbéra nílẹ̀.