Ìwé Ìran Kétéku

Bàbá mi kò kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀.
Ọdún tí afárá ọ̀nà Ìsarà já ni, ó ní,
òjò ń rọ̀, ọjọ́ ọjà ni.
Ṣùgbọ́n kò sí màlúù rẹ̀ kan tí kò ní ojú ewé tirẹ̀
nínú ìwé tí ọ̀rá ọwọ́ ti sọ èèpo rẹ̀ di dúdú:
Àbẹ̀kẹ́, abo, ìwo ọ̀tún ṣẹ́.
Ìyá rẹ̀ ni Ẹlẹ́yinjú. Ìyá Ẹlẹ́yinjú ni Aláṣejù.
Baba: àìmọ̀.

Kétéku Òde Rẹ́mọ, kúkúrú bí ìjókòó,
ìrù ta á títí, kò kú,
ó jẹ koríko abẹ́ gbànja, ó yó.
Ẹran rẹ̀ nìkan ló ní ẹjọ́.
À ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ gbèsè,
ó ń pẹ́ kó tó tán lẹ́nu.

Ọ̀ṣínúgà dé láti Ṣàgámù lórí ọ̀kadà,
àgbá kékeré kan láàrin itan rẹ̀ bí ọmọ tuntun.
Ó ṣí i. Èéfín jáde tí kì í ṣe ti iná,
òtútù tó ń jóni ni.
Ó fi ẹ̀mú yọ ọ̀pá kan, kò nípọn tó ìgbálẹ̀.
“Baba nìyí. Màlúù pupa ilẹ̀ Japan.”
Ó na bébà sí wa: baba, baba baba, títí dé ìran kẹjọ.
Bàbá mi ka àwọn orúkọ tí ahọ́n rẹ̀ kò lè gbé,
ó sì ṣí fìlà.

Bàbá Odùkálẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọgbà:
“À ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù,
oyún náà ti wá di ohun à ń fi ránṣẹ́?”

Gìdàdò ló rí i ní ìdájí pé Àbẹ̀kẹ́ ń gun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀,
ó ń ké, kò jẹun.
Ohun tí a bá rí láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ là ń ṣe é.
Nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ọ̀pá ti yọ́.
Èmi ni mo ka ogójì.
Ọ̀ṣínúgà wọ ìbọ̀wọ́ dé èjìká,
ó dijú bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Kò dúró.
Ẹ̀ẹ̀kejì, kò dúró.
Owó gbànja ọdún kan wọ inú ọ̀pá méjì, ó ṣègbé.
Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹ̀ẹ̀kẹta.

Oṣù mẹ́sàn-án ó lé ọjọ́ mẹ́jọ, nínú ọyẹ́,
abo kan bọ́ sílẹ̀, ó tutù yọ̀ọ̀,
pupa bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ ilé.
Ìdajì ni, Ọ̀ṣínúgà ní, ẹ má tíì pọ́n ọ̀bẹ.
Ọ̀rá tó máa fọ́n sínú ẹran
bí ìrì wínníwínní lára ewé kókò,
ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé e wá.
Kí a sì ṣọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá má sọnù:
ẹran dídùn tí ìrù ti pa,
ta ni yóò jẹ ẹ́?

Lálẹ́, bàbá mi tan àtùpà, ó ṣí ìwé.
Ní iwájú “baba,” ó da lẹ́tà àjèjì kọ
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ẹyin.
Mo ní, “Èmi ńkọ́?”
Ó fi bírò sẹ́nu. Ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.
Abo.
Ìyá: Mosúnmọ́lá, ọmọ Ìrolú.
Baba: ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó fà á nídìí.
Ọjọ́ ìbí: ó dá ibẹ̀ sí.
Ìwọ̀n:
ó wò mí títí, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀,
ó sì kọ ọ́ pé,
kò wúwo. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.