Ìdámẹ́rin Ìyípo

Ní Chimbote, létí òkun, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì mi kì í yọ mí lẹ́nu.
Fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn.
Òun la fi ń la pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó.
Mo gbé e gun òkè lọ sí abúlé ìyá mi
nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ́ bí ejò fún wákàtí mẹ́sàn-án.
Orí ń fọ́ mi, èémí mi ò délẹ̀,
àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń sáré kọjá lára mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Igi yukalípítọ́ọ̀sì mẹ́ta ń dúró dè mí lẹ́yìn ilé.
Mo fà á. Ó wúkọ́.
Mo tún fà á. Èéfín dúdú, òórùn pẹtiróòlù,
ó fọhùn bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun,
ó kú.
Mo bú u. Mo bú ẹni tó tà á fún mi.
Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo nù ún, ó tún dúdú.

Leoncia Chauca, tó ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe,
gba orí ògiri wọlé, ó ṣí fìlà kúrò létí, ó gbọ́ ọ.
"Ara rẹ̀ le," ló wí.
"Ìwọ̀n epo tí wọ́n bù fún un nísàlẹ̀ ló ṣì ń mu.
Afẹ́fẹ́ tiyín ki. Tiwa níhìn-ín fẹ́lẹ́.
Ó ń jẹ oúnjẹ ẹni méjì, ó ń fi ihò imú kan mí."
Ó wò mí lójú. "Ìwọ náà ńkọ́? O jẹun yó lánàá?"
Mo jẹun yó lánàá. Mo bì í sẹ́bàá ọ̀nà.

Sukurudíráfà rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ.
Ó kì í bọ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, ó yí i sọ́tùn-ún,
ìdámẹ́rin ìyípo, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀,
bí ẹni ń fa etí ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún.
Ìwúkọ́ dáwọ́ dúró.
Ó tú sukuru mìíràn díẹ̀
kí ṣéènì má baà máa yí nígbà tẹ́nìkan ò pè é.
Ó wá kan ti iṣẹ́ gan-an. Ohùn gòkè, ó ń ga, ó ń mú,
ó dán bí etí ọ̀bẹ. Mo ní, "Ó parí nìyẹn!"

Ó gbá mi lọ́wọ́. Ó dá a padà
títí ohùn náà fi ń kólòlò díẹ̀.
"Ohùn dídùn yẹn, igbe ebi ni.
Bó bá ké e pẹ́, irin inú rẹ̀ á yọ́."

Igi àkọ́kọ́ wó lọ́sàn-án. Mo jókòó lé e lórí, mò ń wá èémí.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ó fi ìṣó fa ìlà méjì sí ìdérí rẹ̀,
ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú.
"Tìhín. Tọ̀hún. Má fà á kí o tó dá a padà."

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé etíkun.
Òórùn ẹja kún àyà mi bámúbámú,
mò ń mí bí ẹni ń ná owó olówó.
Mi ò tíì bọ́ bàtà
tí mo ti ń wá sukurudíráfà.